Ìgbà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bá Ìyàwó Mi Nájà Mọ́

Ní ọjà Mile 12, ẹni tó bá fẹ́ràn yín ló máa ń bú ọjà yín. Á gbé tòmátì yín sókè, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó jalè, á ní, "Èyí náà lẹ jí ní kùtù hàì gbé jáde?" Ẹ̀yin náà á bú ojú tó fi ń wò ó. Á kẹ́yìn sí yín, á gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ. Ẹ ó jẹ́ kó lọ díẹ̀, ẹ ó wá pè é padà: "Ẹ wá, ẹ wá, kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ san?" Nígbà tí ẹ bá fi máa parí ẹ̀, oòrùn ti yọ, inú ẹ̀yin méjèèjì á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé, tó san iye tí ẹ kọ́kọ́ pè láìjanpata, tó gbé ẹrù rẹ̀ tó lọ, àlejò ni. Bí kò bá jẹ́ àlejò, àánú yín ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ yín bí mo ṣe ń bọ̀.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni ìyàwó mi ti ń ta tòmátì ní Mile 12. Èmi, télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìkòsì, ní àdúgbò kan tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Iye tí mo bá pè ni àwọn oníbàárà mi ń san. Àlàájà, bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti ti Mẹ́kà dé, a máa sọ pé ohun tí èmi ń ṣe kì í ṣe òwò, oorun ni. Òun, bó bá ń nájà lọ́wọ́, ẹni tó wà ní Kétu lè gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé mo ṣàsọdùn. Ẹni tó wà ní ojú títì, ìyẹn dá mi lójú.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. A lo tibí, a lo tọ̀hún, títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá kan, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n gé kókó kan kúrò nínú ìfun rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Ojú abẹ jinná, a dúpẹ́, a pa ẹran. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán inú rẹ̀, àwọn kókó kéékèèké ti wà lára ẹ̀dọ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Obìnrin ni, awò rẹ̀ máa ń yọ̀ wá sí orí imú, bó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó lágbára, á kọ́kọ́ tì í padà sókè. Ní ọjọ́ tó ń sọ nípa oògùn tuntun náà fún wa, ó ti awò yẹn sókè títí tí ọwọ́ mi fi ń hún mi láti bá a dì í mú.

"Mummy," ó ní, "kókó yìí kì í jókòó lásán. Bó bá ti tóbi díẹ̀, ebi á máa pa á. Á wá ránṣẹ́ sí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí pé kí wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun wá sọ́dọ̀ òun. Bí iṣẹ́ yẹn bá dé etí wọn, wọ́n á yọ ẹ̀ka, ẹ̀jẹ̀ á máa gbé oúnjẹ lọ bá a, òun á máa dàgbà. Oògùn tí a fẹ́ fi kún èyí tí ẹ ń gbà, ìránṣẹ́ yẹn ló ń gbá mú lójú ọ̀nà. Kò ní jẹ́ kó jíṣẹ́."

Àlàájà ronú díẹ̀. Ó ní, "Àfi bíi pé òun nìkan ló wà lọ́jà. Ó fẹ́ kí gbogbo tírélà wá já ẹrù síwájú ìsọ̀ tirẹ̀."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Mummy."

"Ẹ dí ọ̀nà mọ́ ọn. Bí ọ̀nà Òkè Ọya bá dí fún ọjọ́ mélòó kan péré, ẹ wá wo Mile 12. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo là ń bá sọ̀rọ̀." Ó wá fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tó fẹ́ rajà. "Bó bá wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó lè wá ọ̀nà mìíràn lóòótọ́," ni dókítà wí. "Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá oògùn yìí nìkan lò fún un. Èyí tó ń pa kókó náà fúnra rẹ̀ kò ní dúró, a ó sì máa ya àwòrán wò. N kò ní ṣèlérí fún yín pé gbogbo rẹ̀ á lọ tán. Ohun tí a fẹ́ ni pé kó kéré, kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ̀yin sì máa rìn lọ rìn bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé kò fi dídùn bo kíkorò. Lẹ́yìn náà ló wá ka ìwà oògùn náà fún wa. Ó lè jẹ́ kí imú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ kì í tètè jinná lára ẹni tó ń gbà á, nítorí náà kí Àlàájà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín rẹ̀ tàbí kó fi abẹ kàn án láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ fún òun. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Nígbàkigbà tí a bá wá, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bó bá ga jù, wọn kò ní fa oògùn náà sí i lára, a ó padà sílé.

Oògùn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ya àwòrán, dókítà sì gbé e sí ojú iná, ó fi ìka tọ́ka sí i fún wa: àwọn kókó ara ẹ̀dọ̀ ti ń kéré. Èmi kò rí nǹkankan nínú àwòrán náà bí kò ṣe ìkùukùu, ṣùgbọ́n mo rí ojú dókítà, ìyẹn tó mi. Àlàájà fi ọ̀yàyà nájà lọ́jọ́ kejì débi pé ó bá ènìyàn mẹ́ta jà kó tó mu tíì.

Ibi tí a wà nìyí tí a fi lọ ní ìgbà kan, tí nọ́ọ̀sì wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, tó wò ó, tó tún un wò, tó wá lọ pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ti ru. Wọn kò fa oògùn sí i lọ́jọ́ náà. Dókítà fi hóró oògùn kan kún èyí tó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa sùn dáadáa, kó má sì máa bínú. Kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

"Bí kò bá wálẹ̀ nígbà yẹn ńkọ́?" ni mo béèrè.

Ó ti awò rẹ̀ sókè. "Daddy, bó bá ń ga báyìí lọ, a ó ní láti fi oògùn yìí sílẹ̀."

Oògùn tó ń mú kókó kéré! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí àwọn alátòmátì, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan ni. Bó bá jókòó sórí àga mi, àga á kí i. Ó ní kí ni dókítà wí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní kó má bínú, bó bá bínú, oògùn á dúró.

"Kò mà ní bínú," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa."

Mo dúpẹ́, mo padà sídìí máṣíìnì mi. Télọ̀ kò mọ ọjà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Àlàájà ti dé ilé kí ìrun ọ̀sán tó tó. Ó sọ pọ́ọ̀sì sórí àga, ojú rẹ̀ wú.

"Ọjà tà?" ni mo bi í.

"Ó tà."

"Àlùhámúdùlíláhì."

"Daddy, ẹ má bá mi dúpẹ́! Ẹ mọ Málààmù tó máa ń kó tòmátì wá fún mi, tí a ti jọ ń jà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú? Mo ní apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò kún. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní òótọ́ ni. Ó ní *ba komai*, kò sí wàhálà, Hàjíyà. Ó bu tòmátì kún un. Ó kún un, Daddy!"

"Ṣé kì í ṣe ohun tó dára nìyẹn?"

Ó wò mí bí ẹni wo aṣọ tí wọ́n rán sódì. "Oníbàárà mi kan wá láti Alápẹ̀rẹ̀. Mo pe iye tí ojú ń ti èmi gan-an láti pè, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ó san án. Ó san án, ó tún ní kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà."

"Kí lo wá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ọ?"

"Kí wọ́n bú mi!"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú. Bí ọjọ́ ti ń gun orí ọjọ́, ìsọ̀ rẹ̀ dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀bù mi. Bó bá kígbe mọ́ ènìyàn, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àlàájà." Bó bá ní òun kò tà mọ́, wọ́n á ní, "Bí ẹ ṣe fẹ́ náà ni." Kò jẹun dáadáa mọ́. Oorun kò kùn ún lóru mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ wa obìnrin rà fún wa, tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, kò sọ ohun rere kan, bẹ́ẹ̀ ojú mi ló ṣe ń gbé gbogbo hóró oògùn rẹ̀ mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó jókòó sórí ẹní, kò dìde.

"Daddy, kí ni dókítà sọ fún yín tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kò sí o. Ìṣojú rẹ ló ṣe sọ gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n ti mọ̀ lọ́jà. Wọ́n ti kà mí mọ́ òkú." Ó ń fi ìka tẹ ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á. "Òkú ni a kì í bá nájà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi gbéra lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, inú rere yín ti fẹ́ pa á. Ẹ padà máa bá a jà. Ó di ọwọ́ mọ́ orí, ó ní àwọn rò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó pàṣẹ tuntun.

Ẹ ò rí i, ẹni tí àánú rẹ bá ti ń ṣe, kò mọ èébú í bú mọ́. Mo tẹ̀lé Àlàájà lọ sọ́jà ní ọjọ́ kejì, torí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé kánkán, ojú mi ló sì ṣe ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ata rodo ní ìsọ̀ kejì wá dúró síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ pọ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ké ewì níwájú kíláàsì.

"Àlàájà," ó ní, "tòmátì yín yìí ò dára rárá. Ẹ má bínú o."

Àlàájà ní, "Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, Mà. Ó ti bàjẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ Mà."

"Máa lọ ilé rẹ."

"Ẹ ṣé, Mà," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ. Mo fi ọwọ́ bo ojú. Ọ̀túnla ni a ó padà sí ilé ìwòsàn.

Ibi tí a jókòó sí nìyẹn tí Màmá Anthony fi dé. Ìjẹ̀bú ni obìnrin yìí. Ó máa ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Anthony, ọ̀dọ̀ Àlàájà ló sì ti ń ra tòmátì láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò tí ì bára wọn sọ gbólóhùn kan tí kì í ṣe ìjà rí. Ó ti lọ sílé ní Ìjẹ̀bú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ilé tó ń kọ́ níbẹ̀, kò sì gbọ́ ohunkóhun nínú gbogbo èyí tí mò ń sọ. Ó gbé báàgì ńlá rẹ̀ kalẹ̀, ó wo inú apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú tòmátì kan, ó fún un. Omi yọ.

"Àlàájà," ó ní, "ṣé ọbẹ̀ lo ń tà báyìí?"

Àlàájà gbé orí sókè.

"Fi tòmátì mi sílẹ̀ bó ò bá rà."

"Kí n rà á kí n fi ṣe kí ni? Èyí tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ga, wọ́n pọ́n, wọ́n dúró ṣinṣin bí ọmọ ṣọ́jà. Tìrẹ ń jókòó. Wò ó, eléyìí tilẹ̀ ti sùn."

Ìyá Ẹgbẹ́ ti sáré dé láti ìsọ̀ tirẹ̀. Ó fa aṣọ Màmá Anthony, ó sì rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà kò mọ bí a ti í ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ rọra! Àìsàn ń ṣe é! Jẹjẹrẹ ni, kò gbọdọ̀ bínú!"

Màmá Anthony wo Àlàájà. Àlàájà náà ń wò ó. Mo mọ ojú yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀: ó ń dúró de ìgbà tí ẹni yìí náà yóò ṣí pọ́ọ̀sì, tí yóò san iye tí a bá pè, tí yóò ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà.

Màmá Anthony ju tòmátì tó ti fún padà sínú apẹ̀rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ," ó ní, "ló sọ pé kó máa ta ẹ̀ṣà fún mi?"

Ẹ̀ṣà ni tòmátì tó ti jẹrà, tí a ń ṣà sọ́tọ̀. Kò sí èébú tó jù ú lọ lẹ́nu alátòmátì. Àlàájà dìde. Ó dìde, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹni tí wọn kò gé níbì kankan rí.

"Èmi? Ẹ̀ṣà? Ìwọ obìnrin Ìjẹ̀bú yìí, ìwọ tí o máa ń fi tòmátì kan se ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta!"

"Bí tìrẹ bá dára ni, màá fi méjì sè é."

"Àwọn ará Anthony ń jẹ omi pupa, wọ́n ń pè é ní ọbẹ̀!"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sanra. Kí ni jálẹ̀ ẹ̀, iye ìkẹyìn tí o máa gbà?"

Àlàájà pe iye kan. Màmá Anthony kígbe, ó pe iye tirẹ̀. Àlàájà pe àwọn tó wà nítòsí ṣe ẹlẹ́rìí. Màmá Anthony gbé báàgì, ó lọ, ó dé ọ̀dọ̀ aláta rodo, ó dúró, ó ń wo ojú ọ̀run. Àlàájà jẹ́ kó dúró dáadáa. "Padà wá, aláìlójútì!" Ó padà wá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Èmi tí mo kórìíra ariwo, mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ òfìfo, mò ń gbádùn ara mi bí ẹni wo bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí wọ́n fẹnu kò, Màmá Anthony sanwó, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó ti ìyàwó mi lórí bẹ́ǹṣì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

"Nígbà mìíràn ni. Oògùn tí wọ́n ń fún mi ń dínà mọ́ ọn. Ebi ń pa á. Ó ń kéré."

"Kí ebi máa pa á lọ." Ó fi ọwọ́ gbá a ní itan. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mìíràn, ó bu tòmátì ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú báàgì. "Èènì mi nìyí."

"Olè!" ni Àlàájà wí, ẹ̀rín sì gbé e tó fi ní láti di ẹ̀gbẹ́ mú.

Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìsọ̀ ti rí i bí wọ́n ti ń ṣe é. Málààmù tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà nípa apẹ̀rẹ̀ tí kò kún kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Nígbà tí a délé, Àlàájà jẹ iyán, ó sùn láti ìrọ̀lẹ́, ó ń han-run bíi máṣíìnì tó fẹ́ òróró.

Ọjọ́ pé, a lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọ tí wọ́n bí sí Kétu ni, òun náà a máa wá rajà ní Mile 12. Ó wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ Àlàájà lápá. Èmi ń wo fáànù òkè. Ẹ̀rọ náà mí, ó mí, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tú u, ó wé e mọ́ apá kejì.

"Mummy, ó ti wálẹ̀."

"Ó wálẹ̀ tó?"

"Ó wálẹ̀ tó. A máa fà á sí yín lára lónìí."

Dókítà ní hóró oògùn tí òun fi kún un ló ṣiṣẹ́, ó sì ní kó má ṣe fo ọjọ́ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́, n kò sì bá a jiyàn. Èmi kì í kúkú jiyàn. Ohun tí mo rí ní Mile 12, mo ti rí i.

Kò tí ì tẹ́ Àlàájà lọ́rùn. Ó na ọrùn, ó ń wo ojú ẹ̀rọ náà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ibẹ̀ náà ni? Kò lè tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ká aṣọ ẹ̀rọ náà, ó kẹ́yìn sí wa, ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ.

"Mummy, jálẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí n pe ẹlòmíràn."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń gba oògùn lọ́wọ́ fi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ó na apá rẹ̀ jáde.

"Padà wá, jọ̀ọ́," ó ní. "Máa so oògùn náà. Mo ti rà á."